Adé Tí Mo Fi Gbẹ̀san

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń gbé ní Ítálì. Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé kí ló gbé mi kúrò nílé, iṣẹ́ ni mo máa ń sọ fún un. Irọ́ ni mò ń pa. Ìbínú ló gbé mi kúrò nílé, ìbínú náà ló sì kọ́ mi níṣẹ́.

Abúlé oko kan lẹ́yìn Lálúpọn ni wọ́n ti bí mi, níbi tí ọlọ́kadà ti máa ń já èèyàn sílẹ̀ pé kó fẹsẹ̀ rin ìyókù tí òjò bá ti rọ̀. Bàbá mi ti kú. Gàrí ni ìyá mi ń ṣe tí a fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, wọ́n á fọ omi ẹ̀gẹ́ kúrò lọ́wọ́, wọ́n á mú aṣọ funfun kan, wọ́n á lọ nu ère Màríà ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà wa. Ère onígi ni, àwọn fadá òyìnbó àtijọ́ ló gbé e wá. Ó gbé Ọmọ rẹ̀ sí apá òsì, adé fàdákà kékeré kan sì wà lórí rẹ̀ tó ní ìràwọ̀ mẹ́ta níwájú. Ọ̀kan nínú ìràwọ̀ náà ti mì tẹ́lẹ̀, ìyá mi ló yọ wáyà tín-ínrín kan lára rédíò wa tó bàjẹ́, tí wọ́n fi dè é pa dà. Inú àpótí gíláàsì ni ère náà ń gbé. Èèyàn méjì péré ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀: ìyá mi, àti Bàbá Píúsì tó jẹ́ katekísì wa.

Ọdún tí mo pé ọmọ ogún ọdún, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin tí a ó gbé ère náà yí abúlé ká, adé di àwátì. Ìyá mi gan-an ló kọ́kọ́ rí i pé kò sí níbẹ̀. Wọ́n sáré lọ sọ fún Bàbá Píúsì. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìwàásù, ọkùnrin náà dìde níwájú gbogbo ìjọ. Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní "wọ́n". Àgbà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ yẹn ti tán lẹ́nu mi.

"Ẹni tó ń nu ère ló mọ ibi tí adé wà," ló wí. "Kó yáa gbé e pa dà kí a tó pe ọlọ́pàá."

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo orí tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yí sọ́dọ̀ wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkùnrin mẹ́fà wá tú ilé wa. Wọ́n da àpò gàrí mẹ́ta sínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n ní bóyá adé wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi fẹ̀yìn ti ògiri, ojú wọn ò kúrò lára gàrí náà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń bọ Ògún ní kí wọ́n mú irin wá. "Ẹ jẹ́ kí Píúsì àti àbúrò mi jọ fẹnu kàn án, kí wọ́n búra."

Ìyá mi ní àwọn á búra, ì báà jẹ́ irin, ì báà jẹ́ Bíbélì. Bàbá Píúsì ní Àgùdà kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Wọ́n ní kí ìyá mi má gba Kòmúníò mọ́ títí adé á fi wá sílé, kí wọ́n sì máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn. Kò pé oṣù kan, ìdílé ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi rán alárinà wá pé àwọn ò lè fẹ́ ọmọ olè. Mo gbọ́ ọ láti inú yàrá. Kí ọdún náà tó parí, mo ti kúrò nílùú.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé Ítálì, mo pàdé ìyá arúgbó kan lórí àtẹ̀gùn ilé tí mò ń gbé, mo kúnlẹ̀ láti kí wọn. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni. Wọ́n figbe ta, wọ́n ń fà mí lápá, aládùúgbò méjì jáde, ẹnì kan gbé omi wá. Mi ò mọ èdè tí mo lè fi ṣàlàyé pé ẹ káàárọ̀ lásán ni mò ń sọ. Mo mu omi náà, mo dúpẹ́, mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí èèyàn lórí ìdúró. Ó pẹ́ kí orúnkún mi tó gbàgbé.

Tòmátò ni mo kọ́kọ́ ń ká, lábẹ́ ọ̀rá funfun tí wọ́n fi bo oko, tó móoru bí ìdí ààrò gàrí. Òtútù dé, wọn ò nílò wa mọ́. Obìnrin ará Bìní kan tí a jọ ń ká tòmátò ló sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀bù kan nílò ẹni tí á máa gbálẹ̀. Bí mo ṣe pàdé Sinyóra Rózà nìyẹn; Sinyóra ni wọ́n fi ń pe màmá níbẹ̀. Opó ni àwọn náà, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, alágbẹ̀dẹ wúrà sì ni wọ́n. Nǹkan ìlò ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń ṣe: ife Míísà, ọ̀pá àbẹ́là, àti adé ère.

Lọ́jọ́ kìíní, mo gbálẹ̀ tán, mo fẹ́ da ìdọ̀tí nù. Sinyóra pariwo bí ẹni tí mo fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ sí kànga. Wọ́n gba ìkólẹ̀ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n dà á sínú àpò kan tí wọ́n fi okùn so lẹ́nu. Wúrà ń bọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti ń fi ayùn rẹ́ ẹ, kò sì sí erùpẹ̀ tó kéré jù láti tọ́jú. Omi tí a fi fọwọ́ pàápàá, inú garawa ọ̀tọ̀ là ń dà á sí. Mo ronú pé níbí, erùpẹ̀ níye lórí. Nílé wa, oúnjẹ ìyá mi ni wọ́n dà sínú erùpẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ̀tàn bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Mo kọ́ èdè wọn láti ẹnu wọn, ọ̀rọ̀ nípa adé sì ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ yé. Láyé àtijọ́, wọ́n ní, fadá oníwàásù kan ń rìn láti ìlú dé ìlú. Bó bá wàásù tán, àwọn èèyàn á bọ́ yẹtí àti òrùka wọn sílẹ̀ láti fi hàn pé wọ́n ti ronú pìwà dà. Á kó gbogbo rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ kí wọ́n yọ́ ọ, kí wọ́n fi ṣe adé fún ère Màríà. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́lá kan kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n máa fi ohun ìní òun ṣe adé wúrà. Wọ́n fi iṣẹ́ náà lé àwọn fadá ilé ìjọsìn ńlá kan ní Róòmù lọ́wọ́. Ìlú tó bá fẹ́ adé á kọ̀wé sí wọn. Wọ́n á béèrè bóyá ère náà ti pẹ́, bóyá ìran dé ìran ti ń gbàdúrà níwájú rẹ̀, bóyá iṣẹ́ ìyanu ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí ìdáhùn bá tẹ́ wọn lọ́rùn, adé á dé. Nígbà tó yá, Póòpù fúnra rẹ̀ ń rán aṣojú lọ dé ère ládé, Bíṣọ́ọ̀bù náà sì lè ṣe é ní àgbègbè tirẹ̀. Ọmọ tó wà lápá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé ládé, kí wọ́n tó wá kan Ìyá.

"Ṣé wọ́n máa ń jí adé?" Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan.

Sinyóra ò gbé ojú sókè. "Kí ni ì bá tún jí? Nígbà ogun, sójà á kó o lọ yọ́. Nígbà tí kò sógun, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ni."

Ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ mi. Títí di ọjọ́ yẹn, mo mọ̀ pé ìyá mi ò jalè, ṣùgbọ́n mi ò tíì fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí àyè olè náà. Kọ́kọ́rọ́ méjì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyá mi. Àṣé ẹni tó tètè nawọ́ sí wa mọ ìdí tó fi yára bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mi ò gbálẹ̀ lásán mọ́. Mo ń wo ọwọ́ Sinyóra. Wọ́n rí i pé mò ń wò wọ́n, wọ́n fún mi ní ayùn àti idẹ tí kò wúlò. Mo ba púpọ̀ jẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi iná lẹ ewé idẹ méjì pọ̀ tí wọn ò já, mo fi wọ́n sínú àpamọ́wọ́ lọ sílé, mo gbé wọn sórí tábìlì, mo sì jẹun tì wọ́n bí ẹni tó ní àlejò. Ní ọdún kẹrin, Sinyóra fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa wá ṣí i láàárọ̀. Wọn ò ka nǹkan kan kí wọ́n tó fún mi, wọn ò sì ka nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mọ́ ikùn. Wọ́n bi mí pé ṣé inú ń run mí ni.

Mo máa ń rò ó nígbà yẹn pé ibo gan-an ni ilé mi. Ní Ítálì, èèyàn máa ń di àpò rẹ̀ mú bí mo bá jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì, síbẹ̀ ẹnì kan fi wúrà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ní abúlé wa, gbogbo wọn mọ oríkì mi, wọ́n sì pè mí lọ́mọ olè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo Sọ́ńdè, lẹ́yìn Míísà wọn, mo máa ń pe ìyá mi.

"Ẹ kú ọjọ́ Sọ́ńdè, Ìyá. Ṣé wọ́n ti fún yín ní Kòmúníò?"

"Òjò rọ̀ lánàá. Àgbàdo ti ń yọ irun."

"Ẹ wá máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Lálúpọn, kò jìnnà."

"Bí mo bá kúrò, wọ́n á ní òótọ́ ni. Ṣé o ń jẹun?"

Ọdún ń gorí ọdún bẹ́ẹ̀.

Èṣín ni nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí lórí Wáásáàpù. Mo dá ohùn náà mọ̀ kó tó dárúkọ.

"Ọmọ wa tó wà lókè òkun!" Bàbá Píúsì ni. Ó ní àwọn èèyàn ti ń ti Akínyẹlé àti Ẹgbẹ́dá wá gbàdúrà níwájú ère wa láti ìgbà tí ọmọ kan tí wọ́n ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀ ti gbádùn. Bíṣọ́ọ̀bù ti gbà láti wá dé e ládé. "A gbọ́ pé ìwọ lò ń ṣe irú adé bẹ́ẹ̀ fún àwọn òyìnbó. Ohun tó ti kọjá ti kọjá, àbí?"

"Ẹ ṣeun, Bàbá," mo ní. "Màá ṣe é. Ti Ọmọ àti ti Ìyá."

Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Idẹ ni màá fi ṣe adé náà, màá ra wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i lára. Kí ọyẹ́ méjì tó kọjá, á ti dàwọ̀ ewé. Mo tún fi kún un. Mo pe Bàbá Píúsì pa dà, mo ní kí ìjọ ṣe bíi tàwọn ará Ítálì àtijọ́: kí oníkálukú mú fàdákà tàbí wúrà àtijọ́ tó bá ní wá, kó wé e sínú bébà, kó kọ orúkọ sí i, kí Bàbá Píúsì fúnra rẹ̀ gbà á jọ. Mo fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti kọjá. Bí adé bá wá dàwọ̀ ewé, wọ́n á bi í pé fàdákà àwọn dà. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bóyá wọ́n á da gàrí tirẹ̀ náà sílẹ̀. Tó bá wá jẹ ìyà tó tó, màá dá nǹkan wọn pa dà. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ti ń rò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sùn dáadáa.

Ẹnì kan tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn bá wa gbé ẹrù náà wá. Mo tú u lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù. Yẹtí ẹyọ kan. Òrùka tó ti tẹ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọdé. Bébà kẹsàn-án jẹ́ ti ìyá mi. Òrùka ìgbéyàwó wọn ló wà nínú rẹ̀. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí mi ò lè wò ó.

Bébà tó tẹ̀ lé e wúwo ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé: "Sẹlínà, ìyàwó Katekísì. Ìsàlẹ̀ àpótí ilé wa ni mo ti rí i. Ẹ bá mi fi sí i." Ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i nísàlẹ̀. Ẹgbẹ́dá ni wọ́n ti fẹ́ Sẹlínà wá lẹ́yìn tí ìyàwó àkọ́fẹ́ Bàbá Píúsì kú. Mo ti kúrò nílé nígbà yẹn, òun náà ò sì mọ ère wa pẹ̀lú adé rí.

Mo tú bébà náà. Fàdákà dúdú kan bọ́ síta, ó gùn tó ìka mi, ìràwọ̀ mẹ́ta wà lára rẹ̀. Wáyà rédíò ṣì ń so ọ̀kan mọ́ ọn.

Mo jókòó. Sinyóra Rózà bi mí pé kí ló dé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan idẹ tó máa dàwọ̀ ewé. Wọ́n fi awò tí a fi ń wo iṣẹ́ wo wáyà náà pẹ́.

"Jọ̀ọ́, ṣe adé tó dáa," wọ́n ní. "Èyí tó bá bàjẹ́, ìwọ ni wọ́n á pè lólè. Èyí tó bá dáa ló lè jẹ́rìí."

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo yọ́ fàdákà gbogbo ìjọ pọ̀, mo fi wúrà tí mo ti ń kó jọ bò ó dáadáa. Ìràwọ̀ mẹ́ta náà nìkan ni mi ò yọ́. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ iwájú adé Ìyá bí mo ṣe rí wọn, dúdú, pẹ̀lú wáyà wọn. Mi ò sọ fún ìyá mi. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní kí n má ṣe é.

Ọjọ́ ìdéládé, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé abẹ́ igi máńgòrò. Ìyá mi wà lórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn. Wọ́n ti kéré sí bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Bàbá Píúsì wọ aṣọ funfun, ó gbé tìmùtìmù tí adé méjèèjì wà lórí rẹ̀, aṣọ léèsì tí mo fi bò wọ́n kí n tó gbé wọn wálé ṣì wà lórí wọn. Mo bẹ Bíṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n jẹ́ kí n ka orúkọ àwọn tó mú nǹkan wá, kí a tó ṣí adé. Wọ́n ní ó dára.

Mo kà á. Yẹtí, òrùka, ẹ̀gbà. Bí mo bá dárúkọ, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Mo ka ti ìyá mi, àtẹ́wọ́ náà dín kù. Mo wá kà pé: "Sẹlínà, ìyàwó Katekísì. Ìràwọ̀ mẹ́ta láti ara adé àtijọ́, tó rí nísàlẹ̀ àpótí ilé wọn."

Mo ṣí aṣọ léèsì náà.

Àwọn ìyá tó wà níwájú ló kọ́kọ́ dìde láti wò ó. "Wáyà Ìyá Onígàrí nìyí," ọ̀kan wí, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́. Tìmùtìmù tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́wọ́ Bàbá Píúsì. Fadá sáré gbà á kó má bàa já bọ́.

"Katekísì," Bíṣọ́ọ̀bù ní, "ṣé òótọ́ ni?"

Bàbá Píúsì ní òótọ́ ni. "Mo ta ìyókù nílùú Ìbàdàn. Mo fẹ́ ta ìràwọ̀ náà, ẹ̀rù bà mí." Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀. "Ìyá Onígàrí ò mú un. Èmi ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: inú mi dùn. Ó dùn bí omi tútù lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Mo wo ojú àwọn tó da gàrí wa nù lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ṣì wà láàyè nínú wọn, mi ò sì gbójú kúrò títí wọ́n fi wolẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ní kí ìyá mi bọ́ síwájú. Ìrìn wọn ò yá, àwọn èèyàn sì ń yà fún wọn títí wọ́n fi dé iwájú pẹpẹ. Àwọn ni wọ́n gbé adé Ọmọ lé Bíṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́, lẹ́yìn rẹ̀ adé Ìyá. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n gba Kòmúníò.

Lábẹ́ igi máńgòrò, Sẹlínà wá bá mi. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Àǹtí, ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó wálé. Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ò lè pè mí?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà ló kó ẹrù rẹ̀ pa dà sí Ẹgbẹ́dá. Ìyá mi ò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ yẹn ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan," wọ́n sì ń bá ohun tí wọ́n ń sè lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bí wọ́n bá gbá mi létí lọ. Mo lọ bẹ Sẹlínà ní Ẹgbẹ́dá kí n tó pa dà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní òun gbọ́, kò sì ní kí n jókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìdéládé, Bàbá Píúsì wá dọ̀bálẹ̀ níwájú ilé wa. Ìyá mi ní kó dìde, àwọn ti dárí jì í. Ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, ó kọjú sí mi.

"Bàbá," mo ní, "èmi ò tíì dárí jì yín." Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Mo ti pa dà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Gbogbo Sọ́ńdè, lẹ́yìn tí ìyá mi bá ti sọ bí òjò ṣe rọ̀ àti bí oko ṣe rí, wọ́n máa ń béèrè ohun kan náà.

"Ṣé o ti dárí jì í?"

"Mi ò tíì, Ìyá."

"Ó dáa. Màá tún bi ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."